Báwo ni mo ṣe lè fa omi adágún ẹja gbẹ láì jẹ́ kí ẹja wọ páìpù?

Ẹ má kàn na nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu páìpù: omi á fa ewé àti ẹja lẹ̀ mọ́ ọn, á sì dí. Ẹ gé páìpù ínǹṣì 4 tó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ dé orí rẹ̀ kan, kí ẹ lu ihò 10 mìlímítà sí i lára. Nǹkan bí ihò 100 ló ṣe déédéé fífẹ̀ ẹnu páìpù. Ẹ lu 300, kí omi má baà fà jù. Ẹ wá fi nẹ́ẹ̀tì wé e, kí ẹ so orí rẹ̀ tó ṣí mọ́ ẹnu páìpù tó ń fa omi nínú adágún. Fún ọmọ àrọ̀ wẹ́wẹ́, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè dí, ẹ máa nù ún léraléra. Ẹ so àpò nẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹnu páìpù níta pẹ̀lú, fún èyí tó bá yọ́ kọjá.