Pé GGT yín ga kò ní kó jẹ́ pé ẹ ṣì ń mutí

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní ó ti pé oṣù márùn-ún tí ẹ ti jáwọ́ nínú ọtí, síbẹ̀ dókítà nàka sí GGT yín (èròjà ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀) àti MCV yín (bí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tóbi tó), ó ní irọ́ lẹ ń pa. Mo ti jókòó sórí àga yẹn rí. Ẹ̀dọ̀ tèmi ti le gbagidi nígbà náà, oṣù mẹ́jọ sì ni mi ò fẹnu kan ọtí. CDT, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí wọ́n fi ń wá àmì ọtí, ni wọ́n fi mú mi. Ìyàwó mi wo ìwé èsì, ó wo ojú mi, kò sì fọhùn títí a fi délé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò là yé mi lọ́jọ́ náà ni pé ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èròjà tí CDT ń wò. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́ jìnnà, iye yẹn lè ga láìsí ọtí ńbẹ̀ rárá. GGT tilẹ̀ burú jù ú lọ: ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀, ọ̀nà òróòro tó dí, oògùn wárápá bíi phenytoin, gbogbo wọn ló ń gbé e sókè. Ní ti MCV, sẹ́ẹ̀lì pupa a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ lára, torí náà ó ń pẹ́ kó tó wálẹ̀. Àìtó folate tàbí B12 náà ń gbé e ga.

PEth ni kí ẹ béèrè fún, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá èròjà kan tí ọtí ń dá sílẹ̀ lára. Ara kì í ṣe é àfi bí ọtí bá wọnú ẹ̀jẹ̀. Àìsàn ẹ̀dọ̀ nìkan ò lè dá a sílẹ̀. Ó lè rí ọtí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin sẹ́yìn. Tèmi jáde, kò tó 20. Dókítà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú." (Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára, ẹ tètè sọ o. PEth ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀ lè bá a wọlé.)

Àmọ́ kí n má tàn yín: PEth yìí kan náà ló tú àṣírí mi lọ́dún tó tẹ̀lé e. Bíà díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo ní ta ni yóò mọ̀, ó ṣáà ti tó ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. 64 ló kọ. Mi ò rí ẹ̀dọ̀ kankan di ẹ̀bi rù lọ́jọ́ yẹn.