Ayé kékeré, òòfà ńlá: ìdáhùn sí ẹni tó ń dá pílánẹ́ẹ̀tì sínú eré

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àwa márùn-ún la máa ń pàdé ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sàn-án Sátidé láti ṣe eré onítàn. Èmi ni mò ń darí ìtàn, àwọn yòókù á mú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, dáìsì ni a sì fi ń mọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn. Mo dá pílánẹ́ẹ̀tì kan tí mo pè ní Erédò. Ìdajì ayé wa ló tóbi tó, àmọ́ òòfà ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn agbára tó ń fa nǹkan sílẹ̀, jẹ́ ìlọ́po méjì tiwa. Oòrùn pupa ló ń ràn sí i, ó ní òṣùpá méjì, ọdún rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 400, igbó kìjikìji ló sì bo gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ físíìsì ní Àgọ́-Ìwòyè ní irọ́ funfun báláú ni. Gbogbo ìgbà ló ń dá eré dúró. Kí ni kí n ṣe tí ayé náà á fi ṣeé gbà gbọ́, tí eré ò sì ní di kíláàsì ìṣirò?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú làákàyè. Ọ̀rẹ́ rẹ ò parọ́ mọ́ ọ, àmọ́ kò bá ọ tún un ṣe náà. Físíìsì ni mo fi ń jẹun níbí ní Ṣágámù, èmi náà sì máa ń ju dáìsì nígbà tí mo bá ti máàkì ìdánwò tán, nítorí náà mo mọ ẹjọ́ tìrẹ, mo sì mọ tirẹ̀.

Pé o dá ayé tí kò sí kọ́ ló ń bí i nínú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ohun mẹ́ta péré ló wà lọ́wọ́ rẹ láti yàn: bí oòrùn ibẹ̀ ṣe wúwo tó, bí pílánẹ́ẹ̀tì ṣe jìnnà sí i tó, àti pílánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, bó ṣe tóbi tó àti ohun tí o fi mọ ọ́n. Tí o bá ti yan mẹ́ta yìí, àwọn ló máa sọ gígùn ọdún, ooru, òòfà àti òṣùpá fún ọ. Ìwọ wá ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ná ọjà kiri Òkè-Àje, ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òòfà bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló dùn jù. Bí a bá fi irú òkúta kan náà mọ ayé méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ìdajì èkejì láti àárín dé ojú ilẹ̀, òòfà èyí kékeré náà á jẹ́ ìdajì. Wo pílánẹ́ẹ̀tì Mars: láti àárín rẹ̀ dé ojú ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 3,390, tiwa jẹ́ 6,371, òòfà tirẹ̀ ò sì ju ìdá 38 nínú 100 tiwa lọ. Tí o bá wá ní kí ayé ìdajì ní òòfà ìlọ́po méjì, ohun tí o fi mọ ọ́n gbọ́dọ̀ ki ju ayé wa lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ayé wa, tòkúta tirin tó wà nínú rẹ̀, jẹ́ gíráàmù 5.5 nínú kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà kan. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 22. Irin ò pé 8. Òjé jẹ́ 11.3. Wúrà pàápàá, bó ṣe wà lọ́rùn ìyàwó, 19.3 ni. Àfi kí Erédò jẹ́ kìkì wúrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ìwúwo ara rẹ̀ sì tún tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ra, kó tó lè dé ibi tí o fẹ́. Ayé tó jẹ́ kìkì wúrà, kí ẹ̀yin Ìjẹ̀bú wá máa gbé orí rẹ̀: ta ló máa ráyè bá ẹ̀dá òfuurufú jagun níbẹ̀? (Ọmọ Rẹ́mọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú.)

Nítorí náà, bí òòfà ìlọ́po méjì bá ṣe pàtàkì sí ìtàn rẹ, sọ ayé náà di ńlá. Bí ayé olókùúta bá ju tiwa lọ ní ìdajì, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 9,500 láti àárín dé ojú ilẹ̀, òòfà rẹ̀ á súnmọ́ ìlọ́po méjì, nítorí bí ayé ṣe ń tóbi ni inú rẹ̀ ń tẹ̀ pọ̀ tó ń ki sí i.

Ìgbà yìí ni eré ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dùn. Ẹni tó bá já bọ́ láti orí òrùlé tó ga ní mítà mẹ́ta ní Erédò, bí ẹni já láti mítà mẹ́fà nílé ni, nítorí náà fi dáìsì kún ìyà rẹ̀. Ọfà tó ń lọ ọgọ́rùn-ún mítà níbí, àádọ́ta ló máa bọ́ sí. Àpò gààrí kílò 50 á wọ alábàárù lọ́rùn bíi 100. Òkè ò ní ga: Olympus Mons ní Mars, níbi tí òòfà ti kéré, ga tó nǹkan bíi kìlómítà 22, nígbà tí Everest tiwa ò pé 9. Orúkọ tí o sọ ayé náà gan-an, wò ó dáadáa. Yàrà Erédò Sùngbọ́ jìn tó mítà 20 láwọn ibì kan, gbogbo rẹ̀ sì gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá gbẹ́ irú rẹ̀, agbọ̀n amọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbé jáde á wúwo ní ìlọ́po méjì. Èmi ò ní jẹ́ kí irú wọn ga. Kúkúrú, ẹsẹ̀ kìǹbà, ọrùn kíki.

Oòrùn pupa ló máa fún ọ níṣẹ́ jù. Ìràwọ̀ pupa kéékèèké ló pọ̀ jù lójú ọ̀run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ wọn kéré débi pé a ò lè fojú lásán rí wọn. Proxima Centauri, tó súnmọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn, ọ̀kan nínú wọn ni. Ká ní tìrẹ wúwo tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá oòrùn wa. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rin tiwa. Bí ọdún Erédò bá wá jẹ́ ọjọ́ 400, ọ̀nà rẹ̀ á jìn débi pé ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò ní tó èyí tó ń dé Jupiter, pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà sí oòrùn fíìfíì ju tiwa lọ. Níbo ni igbó kìjikìji ti máa wá hù? Yìnyín ni gbogbo rẹ̀. Kó tó lè móoru bíi tiwa, ó gbọ́dọ̀ súnmọ́ oòrùn náà débi pé àárín wọn á jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́sàn-án àárín ayé àti oòrùn wa, òfin tó so jíjìnnà pílánẹ́ẹ̀tì mọ́ gígùn ọdún rẹ̀, èyí tí Kepler gbé jáde ní 1619, tí Newton sì tún ṣe, á sì sọ ọdún rẹ̀ di nǹkan bí ọjọ́ 24. Má rò pé mo ń ṣàsọdùn: Proxima b, pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí Proxima Centauri po, tí wọ́n kéde ní 2016, ọjọ́ 11 àti díẹ̀ ni ọdún tirẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ní Ìjẹ̀bú-Òde á ti ju ẹni ọgọ́sàn-án ọdún lọ ní Erédò.

Sísúnmọ́ yẹn ní owó orí tirẹ̀. Oòrùn á máa fà á títí tí yíyí rẹ̀ á fi falẹ̀, tí ojú kan náà á sì máa kọ sí oòrùn nígbà gbogbo, bí òṣùpá wa ṣe ń kọ ojú kan náà sí wa. Ọ̀sán títí láé ní ìhà kan, òru títí láé ní èkejì, ìrọ̀lẹ́ tí kì í ṣú sì wà láàárín méjèèjì. Ibẹ̀ ni èmi máa kọ́ ìlú sí. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ nípọn kó lè máa gbé ooru lọ sí ìhà òru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo omi á dì síbẹ̀. Òṣùpá méjèèjì náà, fọwọ́ wọ́nú. Tiwa jìnnà tó kìlómítà 384,000 sí wa. Bí a bá gbé e lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ayé wa, oòrùn pupa yẹn á já a gbà.

Má sì kun ojú ọ̀run ní pupa bí epo o. Gílóòbù àtijọ́, èyí tó ń mú yàrá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, okùn inú rẹ̀ kò gbóná tó ojú irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán Erédò á jọ ti gílóòbù yẹn, oòrùn rẹ̀ á sì fẹ̀ lójú ju tiwa lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀.

Bí òṣùpá àti òwúrọ̀ bá ṣe pàtàkì sí ọ ju pupa lọ, lo oòrùn tó wúwo tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tiwa. Ọdún rẹ̀ á lé díẹ̀ ní ọjọ́ 200, ilẹ̀ á máa mọ́, á máa ṣú, òṣùpá á sì rí ibi dúró.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò kò gùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé jíjìnnà sí oòrùn ló ń mú un wá. Oṣù kìíní ọdún ni ayé ń súnmọ́ oòrùn jù, nígbà tí ọyẹ́ ń la wa ní ètè lọ́wọ́. Dídagun tí ayé dagun ló fà á, ìwọ̀n dígírì 23 àti ààbọ̀. Erédò olójú kan kò ní dagun tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà yọ ìgbà òjò kúrò.

Igbó yẹn ńkọ́? Jẹ́ kó wà, àmọ́ jẹ́ kí ayé náà dàgbà. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí à ń mí yìí, ohun alààyè ló tú u jáde, ó sì tó nǹkan bí ìdajì ọjọ́ orí ayé wa kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Bí Erédò bá jẹ́ ọmọdé, kí àwọn arìnrìn-àjò yín gbé afẹ́fẹ́ mímí tiwọn dání.

Èmi ni, oòrùn pupa ni mo máa dì mú, màá sì ju ọjọ́ 400 àti òṣùpá nù. Bí ọkọ̀ òfuurufú yín ṣe ń débẹ̀, má ṣàlàyé rẹ̀ rárá. Irọ́ kan yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ á gbé e mì bí gbogbo ìyókù bá dúró ṣinṣin.

Fún òun náà níṣẹ́. Níbi tí oòrùn kì í ti í wọ̀, ta ló mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́? Ìràwọ̀ nìkan ló ń lọ, ìhà òru ni wọ́n sì ti ń rí i: ọjọ́ 24 ni wọ́n fi ń yí po. Bí wọ́n bá ń ná ọjà lọ́rún-lọ́rún bíi tiwa, ọjà mẹ́fà ló wà nínú ọdún kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa rin yìnyín lọ wo ìràwọ̀, kó padà wá kéde ọjà fún gbogbo ìlú, ẹnikẹ́ni ò sì lè já a nírọ́. Kí ọ̀rẹ́ rẹ mú ẹ̀dá yẹn ní Sátidé tó ń bọ̀.