Aago ń ka ìṣísẹ̀ mi, àmọ́ n kò fúyẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Wọ́n sọ fún mi pé mo sanra jù, pé ìfúnpá mi ga, àti pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè. Mo ra aago tó ń ka ìṣísẹ̀, mo sì ń kọ oúnjẹ mi sínú áàpù, síbẹ̀ oṣù mẹ́ta kọjá, ìwọ̀n mi kò yí padà. Ṣé mo kàn fi owó ṣòfò ni?

Ìdáhùn: Ẹ kò fi owó ṣòfò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kì í ṣe ti aago ni ẹ gbé lé e lọ́wọ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2016, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ 471 kópa nínú rẹ̀, àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣàkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe fi nǹkan bíi kílò 5.9 fúyẹ́ láàárín ọdún méjì, nígbà tí àwọn tó wọ ẹ̀rọ kò ju kílò 3.5 lọ. Ibi tí mo fura sí jù ni kálórì, ìyẹn agbára inú oúnjẹ, tí aago ní ẹ ti jó, nítorí àṣìṣe rẹ̀ pọ̀. Ẹ má ṣe torí rẹ̀ bu oúnjẹ kún oúnjẹ.

Ẹ̀rọ tí èmi yóò kọ́kọ́ rà ni èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá láti wọn ìfúnpá. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá sì wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ àti lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan sáàárín. Ẹ tún máa fi téèpù aránṣọ wọn ìbàdí yín lóṣooṣù, torí ọ̀rá inú ikùn lè máa dínkù kí òṣùwọ̀n tó sọ ọ́. Bí ẹ bá wọn kílò 100, kí ẹ fi kílò 5 sí 7 péré fúyẹ́ ti tó láti mú ìfúnpá àti ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀.

Aago tàbí òrùka tí wọ́n bá ní ó ń wọn ṣúgà láìgún awọ ara, ẹ má rà á o: ní oṣù Kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí ìkankan nínú wọn. Bí ẹ bá tún ń lọ rí dókítà yín, ẹ mú àkọsílẹ̀ ìfúnpá ọ̀sẹ̀ kan dání, kí ẹ sì ní kó wò ó kó tó kọ oògùn.