Má jẹ́ kí ó fọwọ́ sí ìwé irọ́ nítorí àlàáfíà

Àbúrò mi, aláta Ìbàdàn,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè dìde. O ní jíìpù ọmọ bàbá ìjọ yín gbá àbúrò rẹ látẹ̀yìn lórí ọ̀kadà. Ọmọ olówó sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Àbúrò rẹ tó fẹsẹ̀ dá sùn sí àtìmọ́lé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ sì san ₦80,000 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní báyìí, bàbá ìjọ fẹ́ fún yín ní ₦150,000 kí àbúrò rẹ lè fọwọ́ sí i pé òun lòun jẹ̀bi. Pásítọ̀ ní bí ẹ bá kọ̀, ẹ ń gbé ará lọ sí kóòtù nìyẹn, àti pé Kọ́ríńtì Kìíní orí 6 lòdì sí i. O bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni bí ẹ bá kọ̀.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífọwọ́ sí i gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀. Òfin tó ní ká má jẹ́rìí èké kò yọ irọ́ tí èèyàn pa mọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ bá mi bẹ pásítọ̀ kó ka orí 6 yẹn dé ẹsẹ 8, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti bá àwọn tó ń rẹ́ ará wọn jẹ wí. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Pọ́ọ̀lù kan náà, nígbà tí wọ́n nà án ní Fílípì láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, tí wọ́n ní kó máa yọ́ lọ, ó ní kí àwọn ìjòyè fúnra wọn wá mú òun jáde. Ní Kesaríà, Fẹ́líìsì gómìnà ń ránṣẹ́ pè é lemọ́lemọ́, ó ń retí owó. Pọ́ọ̀lù kò fún un, ọdún 2 gbáko ló sì lò ní àtìmọ́lé. Àyà mi máa ń já tí mo bá kà á, nítorí owó Fẹ́líìsì yẹn ni wọ́n ń pè ní owó béèlì lọ́dọ̀ wa. Ọ̀fẹ́ ni béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá! Abala 35 ìwé òfin 1999 sì sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ 1 péré ni wọ́n ní láti fi gbé èèyàn débẹ̀. Ìgbà wo ni kóòtù Ìyàgànkú n'Ìbàdàn jìnnà sí yín tó bẹ́ẹ̀?

Ní 2013, ọ̀gá kan tó jẹ̀bi jìbìtì owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà, rí ₦750,000 san dípò ẹ̀wọ̀n. Àwọn tó gbé e lọ sí kóòtù pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì di ẹ̀wọ̀n ọdún 6 ní 2018. Ká ní wọ́n ti ní ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ibi ₦750,000 náà ni ì bá parí sí.

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ wọn ni láti gba ẹjọ́ aláìní rò. Ẹ mú káàdì ọsíbítù dání, àti orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn.

Mi ò ní fo ohun kan: o ní àbúrò rẹ kò ní láísẹ́ǹsì. Kó sọ ọ́ ní kóòtù. Léfítíkù 19:15 kò gbà ká ṣe ojúsàájú fún tálákà, bí kò ṣe gbà á fún alágbára.

Má tíì fi ìjọ sílẹ̀. Mú ìyá ìjọ méjì dání lọ bá pásítọ̀, kí o bi í bóyá òun náà lè lọ bá bàbá ìjọ bí wòlíì Nátánì ṣe lọ bá Dáfídì ọba, tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un lójúkojú. Ọmọ bàbá ìjọ yẹn, ẹ dárí jì í. Kí o máa kí ìyá rẹ̀ lọ́jà.

Báwo lẹsẹ̀ àbúrò rẹ? O ò sọ bóyá wọ́n ti tú POP.