Ẹ má fọwọ́ sí ìwé yẹn

Bàbá Fèyí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọmọ títọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ kí n tó jókòó dá yín lóhùn. Ẹ ní Fèyí ń sá eré họ́dù, irú èyí tí Tobi Amusan ń sá, àti pé ọmọbìnrin kan wà láti ẹgbẹ́ eléré mìíràn tó máa ń fi ẹ̀yìn gbogbo wọn balẹ̀. Ọmọ náà ga, ohùn rẹ̀ nípọn, àyà rẹ̀ pẹlẹbẹ, àwọn òbí sì ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin ni. Wọ́n ti kọ ìwé pé kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ tún ní wọ́n fún yín ní ìwé ìkìlọ̀ níbi iṣẹ́ torí pé ẹ ń pe ẹnì kan tó yí padà di obìnrin ní "he", ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń pe ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ilé-ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ UK níhìn-ín ti ní obìnrin ni ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin. Ẹ ní èwo ni ká gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ tèmi: ẹ má fọwọ́ sí ìwé yẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí ní 1993, mo ń sá irinwó mítà fún ilé-ìwé wa nílé. Mo gùn tẹ́ẹ́rẹ́, àyà mi pẹlẹbẹ bíi pátákó, n ò tíì rí nǹkan oṣù, itan mi le bíi ti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko. "Akọ" ni wọ́n ń pè mí nílé-ìwé, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn ìje àkọ́kọ́ ní ìdíje kan (n ò ní sọ ibi tó jẹ́), tíṣà ilé-ìwé kan lọ fẹjọ́ sùn pé ọkùnrin ni wọ́n wọ̀ láṣọ obìnrin wá. Wọ́n mú mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àga sí. Obìnrin méjì ló bá mi wọlé. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà, èkejì n ò mọ ohun tó jẹ́ títí dòní, òórùn Robb ni mo fi ń rántí rẹ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ ṣòkòtò péńpé mi. Olóòórùn Robb bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó ń ka mítà iná, ó dìde, ó sọ fún èkejì pé, "Ó ní in." Kò sí ẹni tó bá èmi sọ̀rọ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta mẹ́rin ti tò síta bí ẹni tó ń dúró de èsì ìbò.

Ipò kẹrin ni mo ṣe ní àṣekágbá. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi.

Màmá mi ò pariwo, kò lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Lọ́jọ́ kejì ó mú mi lọ sí ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, ó ra yẹtí ńlá kan fún mi, ó ní n ò gbọdọ̀ bọ́ ọ mọ́, ì báà jẹ́ lórí pápá. Mo ti di ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta báyìí. Mo ṣì ń fi yẹtí sáré.

Ẹ má sì rò pé ìwà ará oko ni wọ́n hù sí mi. Ní 1966, ní ìdíje eré ìje ilẹ̀ Yúróòpù ní Budapest, ìhòòhò làwọn obìnrin fi kọjá níwájú àwọn dókítà kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n sáré. Láti 1968 ni Òlíńpíìkì ti ní chromosome, àmì akọ tàbí abo tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ara, làwọn yóò máa wò, pé ìyẹn ò ní kan ìtìjú. María José Martínez-Patiño, ará Spain, òun náà họ́dù ló ń sá bíi Fèyí. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fún un níwèé ẹ̀rí pé obìnrin ni. Nígbà tó lọ sí Kobe ní Japan ní 1985 fún ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àgbáyé, ó gbàgbé ìwé náà sílé. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, XY, irú chromosome tí ọkùnrin sábà máa ń ní, ni wọ́n bá. Ara rẹ̀ ò gbọ́ ohun tí testosterone, èròjà ara tó ń sọ ọmọkùnrin di géńdé, ń wí ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i. Kò mọ̀, ìyá tó bí i ò mọ̀. Wọ́n ní kó díbọ́n pé ó fara pa, kó rọra fi eré sílẹ̀. Ó kọ̀. Ó sáré ní oṣù kìíní 1986, ó gbégbá orókè, ni ìròyìn bá tú síta. Owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, àkọsílẹ̀ eré rẹ̀ lọ, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà lọ. 1988 ni wọ́n tó dá a padà sórí pápá. Ní Atlanta 1996, obìnrin 3,387 ni wọ́n yẹ̀ wò. Mẹ́jọ ni àyẹ̀wò mú, gbogbo àwọn mẹ́jọ ni wọ́n sì jẹ́ kó díje nígbẹ̀yìn. Kò sí ọkùnrin tó dé gèlè kankan nínú wọn.

Ẹnì kan ti dá yín lóhùn ṣáájú mi pé "gbogbo àwọn transgender bíi Semenya" ló ba eré jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, Caster Semenya tó ń sá ẹgbẹ̀rin mítà kì í ṣe transgender, ìyẹn ẹni tó yí padà láti ọkùnrin sí obìnrin tàbí láti obìnrin sí ọkùnrin. Obìnrin ni wọ́n bí i ní South Africa, obìnrin ni wọ́n tọ́ ọ, ara rẹ̀ ló ń pèsè testosterone ju ti ọ̀pọ̀ obìnrin lọ. Nígbà tó sá ẹgbẹ̀rin mítà ní Berlin ní 2009, ní 1:55.45, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ìròyìn pé wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò sì ti jáde kó tó sá àṣekágbá. Mo ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n sún kámẹ́rà mọ́ ojú rẹ̀, mo pa á, mo lọ fọ abọ́. Ẹlòmíràn fi elégùn Ṣàngó tó dirun ṣàpèjúwe pé transgender ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́. Ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀: elégùn tó dirun, tó wọ yẹ̀rì, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n ní bàbá lágbájá. Ẹ jẹ́ ká fi ohun kọ̀ọ̀kan sáyè rẹ̀.

Wàyí o, kí n má parọ́ fún yín. Àwọn tó ń sọ pé kò sí ìyàtọ̀ rárá, n ò sí lẹ́yìn wọn. Họ́dù tí Fèyí ń fò gan-an ń sọ ọ́: nínú ìdíje àwọn àgbà, ti ọkùnrin ga ní sẹ̀ǹtímítà 106.7, ti obìnrin 83.8. Usain Bolt sá ọgọ́rùn-ún mítà ní 9.58, Florence Griffith-Joyner sá a ní 10.49, láti 1988 títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, obìnrin kankan ò tíì sá jù ú lọ. Ìgbà bàlágà ló ń ṣe é: egungun, ọwọ́, ẹ̀dọ̀fóró, iṣan. Ẹni tó bá ti fi ara ọkùnrin bàlágà, oògùn lè dín testosterone rẹ̀ kù, kò lè dín gíga rẹ̀ kù.

Mo mọ èyí lórí pápá tèmi. Mo ń tọ́jú ikọ̀ bọ́ọ̀lù obìnrin kan tó ń gbá ní ọjọ́ Sunday níhìn-ín, ní àríwá England. Gólì kípà wa, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Jo, ọkùnrin ni wọ́n bí i. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń lo oògùn, gbogbo ìwé tí FA, àjọ bọ́ọ̀lù England, ń béèrè nígbà yẹn ló ní. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Òun ló ń kó jẹ́sì wa lọ sílé lọ fọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbá bọ́ọ̀lù láti ojú ilé, ó di òdìkejì àárín pápá kó tó balẹ̀. Gólì kípà wa kejì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó já fáfá, kò lè gbá a dé ìdajì ibẹ̀, ó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì fún odindi sáà méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a ń ṣe ìdánrawò, ọmọ yìí fẹ́ mú bọ́ọ̀lù tí Jo gbá, bọ́ọ̀lù náà ká ọmọ-ìka rẹ̀ sẹ́yìn, ó dá. A gbọ́ ọ. Jo ló gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì bá a jókòó síbẹ̀ títí di aago kan òru. Lóòótọ́, obìnrin míì náà lè dá ìka èèyàn. Ṣùgbọ́n n ò lè wojú ọmọ yẹn kí n sọ fún un pé kò sí ìyàtọ̀. Ìròyìn máa ń ka àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ta ni yóò kà á?

Nígbà tí FA kéde pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2025 ẹni tó yí padà láti ọkùnrin ò ní gbá bọ́ọ̀lù obìnrin mọ́, kò pé 30 irú wọn tó forúkọ sílẹ̀ ní gbogbo England. Ọ̀kan ni tiwa. Èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ sọ fún un. Inú mọ́tò mi ni, níbi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, òjò ń rọ̀, wáìpà ń lọ, ó ń bọ̀. Mo ti to gbólóhùn mi láti ilé, gbogbo rẹ̀ bá sá mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní òun ti gbọ́ lórí rédíò. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Ta ni yóò wá máa fọ jẹ́sì báyìí?" Mo fara mọ́ òfin yẹn. Mo sì sunkún délé. Òun ló ń kọ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà yẹn ní iṣẹ́ gólì kípà báyìí, ọmọ náà sì ti ń dára.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Ní oṣù kẹsàn-án, sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, Jo ò sí lórí pápá mọ́. Ìyá kan láti ìhà kejì nàka sí ọmọ wa tó ń gbá ẹ̀yìn lápá òsì, ọmọ tí wọ́n bí ní Òṣogbo, ó pariwo pé, "Ṣé obìnrin nìyẹn?" Gbogbo wa gbọ́. Ọmọ náà gbá eré náà parí, kò sì wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́wọ́ òfin, tí wọ́n fi sójú àwọn òbí, àwọn ọmọ wa, àwọn dúdú tó ṣe gbàǹdù, ni ojú yẹn máa ń kọ́kọ́ bà lé. World Athletics, àjọ eré ìje àgbáyé, ní àyẹ̀wò tiwọn: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2025, ẹni tó bá fẹ́ sá ìje obìnrin níbi ìdíje àgbáyé yóò fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, tàbí kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wo àbùdá tí wọ́n ń pè ní SRY, èyí tó máa ń sọ ọlẹ̀ di akọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ṣe é, wọn kì í yan ẹni tó burẹ́wà tàbí ẹni tó yára jù. Mo ní àròyé tèmi sí i, ṣùgbọ́n ó sàn ju ìwé tí òbí mẹ́wàá tí ọmọ wọn fìdí rẹmi jọ fọwọ́ sí. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ lọ bá ẹni tó ń bójú tó ààbò ọmọdé nínú ẹgbẹ́ yín, ní kọ̀rọ̀, láìdárúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ti ibi iṣẹ́ yín ò gbà wá lákòókò. Ẹ ka òfin náà dé ìdí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe Equality Act, òfin tó lòdì sí ẹ̀tanú, ní 2010 ni abala 195 ti gbà pé wọ́n lè ya ọkùnrin àti obìnrin sọ́tọ̀ nínú eré tí agbára ara bá ti ń jà. Òfin kan náà yẹn, ní abala 7, dáàbò bo ẹni tó yí padà. Nígbà tí Lord Hodge, adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù yẹn, ń ka ìdájọ́ ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2025 pé ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin ni òfin náà ń pè ní obìnrin, ó kìlọ̀ níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kà á sí pé ìhà kan ṣẹ́gun ìhà kejì, àti pé ààbò àwọn transgender lọ́wọ́ ẹ̀tanú àti ìyọlẹ́nu ṣì wà. Ìyẹn ni pé wọ́n lè ní kí Jo má gbá bọ́ọ̀lù obìnrin. Wọn ò lè torí ohun tó jẹ́ lé e níṣẹ́ tàbí kí wọ́n máa fi ṣẹ̀fẹ̀ ní ilé oúnjẹ. Ìgbàgbọ́ tiyín náà ní ààbò: ẹjọ́ Maya Forstater, obìnrin tó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ torí irú ìgbàgbọ́ yìí, ní 2021 ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tó gbà pé akọ ò lè yí padà di abo, òfin bò ó. Ẹjọ́ kan náà ló sọ pé kò fún un láyè láti máa fi yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti bá yín sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ bá tiyín lọ. Èdè òyìnbó ló tilẹ̀ dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ká ní Yorùbá lẹ ń bá a sọ ni, ó dé, ó lọ, ó jẹun, ibo ni "he" fẹ́ gbà wọ̀ ọ́? Nílé wa, ìyàwó ilé ń pe ọmọbìnrin jòjòló ní ọkọ rẹ̀, ilé ò sì dà wó.

Kí n bi yín ní nǹkan kan kí n tó lọ. Ọmọ tó ń fìyà jẹ Fèyí yẹn, ẹ wò ó dáadáa lọ́jọ́ Saturday: ṣé yẹtí ńlá wà létí rẹ̀?