Ìdáhùn sí ọmọbìnrin tí kò bá wọn dáwó ìdánwò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n ní Òkè-Àdó,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. O ní ìdánwò WAEC yín kù sí dẹ̀dẹ̀, pé gbogbo ọmọ kíláàsì yín ti dá ₦25,000 kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rí ìdáhùn gbà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, pé ìwọ nìkan ni o kọ̀ nítorí pé o ti fi ayé rẹ fún Kristi, àti pé láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè ọ́ ní Màmá SU, bí wọ́n ṣe ń fi àwọn ọmọ Scripture Union ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń pa ọ́ lẹ́kún. Màmá rẹ, tí ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà, tí wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ yín, tú ìdí ìró wọn ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ka owó náà sórí tábìlì, wọ́n ní kí o lọ san án, pé Ọlọ́run mọ ọkàn wa. O wá ń bi mí léèrè bóyá ìyá ni kí o ṣàìgbọràn sí, tàbí Olúwa.

N kò ní dá màmá rẹ lẹ́bi. Ẹni tí ń wọn ẹ̀wà nínú oòrùn láti àárọ̀ títí di alẹ́ mọ ohun tí kò fẹ́ kí ọmọ òun jogún, ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù ni wọ́n sì jọ wà nínú owó yẹn. Síbẹ̀, nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Éfésù pé kí àwọn ọmọ máa gbọ́ ti òbí wọn, ó fi kún un pé "nínú Olúwa". Má fo ọ̀rọ̀ méjì yẹn.

Èmi náà ṣe ìdánwò yìí ní ọdún 1977, ọdún tí ìbéèrè jáde káàkiri débi pé Expo 77 ni a ń pè é títí di òní. Nígbà tí ó ku ọ̀la kí a wọ gbọ̀ngàn, ọ̀rẹ́ mi kan ki ìwé pélébé kan bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti ká a sí mẹ́rin, òógùn ọwọ́ àwọn tí ó ti gbà á ṣáájú mi sì ti mú kí tàdáwà rẹ̀ ràn. Mo ti di àtúnbí nígbà náà. Mo kà á. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ẹni tí kò ṣe é, àti pé bí n kò bá kà á, èmi nìkan ni ìyà yóò jẹ. Mo yege. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, tí gbogbo ìjọ ń jó tẹ̀lé èmi àti àwọn òbí mi lọ síwájú pẹpẹ, ẹsẹ̀ mi wúwo, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbé e sínú.

Ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dá dúró nítorí ìgbàgbọ́ ní ìlú yìí. Nígbà tí David àti Anna Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì, wá gbé ní Ìbàdàn ní 1853, tí wọ́n sì fi Kúdẹ̀tì ṣe ibùdó, ìwọ̀nba díẹ̀ ló gbàgbọ́, àwọn ará ilé sì na ẹlòmíràn nínú wọn, wọ́n há ẹlòmíràn mọ́lé, kí wọ́n má baà lọ sí ilé Ọlọ́run. Láti inú ìdílé ọ̀kan lára àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn ni Bíṣọ́ọ̀bù Alexander Babátúndé Akínyẹlé ti jáde, ẹni tí ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913. Ìwé tí a wá ń jí wò lónìí, àwọn tí kò bá èrò lọ wà lára àwọn tí ó gbìn ín sí ìlú wa.

Mú owó náà tọ màmá rẹ lọ nígbà tí ara bá tù wọ́n. Kúnlẹ̀, má sì ka Bíbélì sí wọn létí. Sọ pé: "Ẹ ṣeun, Màámi. Mo mọ bí ẹ ṣe rí owó yìí. Ẹ jẹ́ kí a fi wá ẹni tí yóò kọ́ mi ní Ìṣirò." O ti sọ fún mi pé Ìṣirò ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́. Bí wọ́n bá ní o ó fìdí rẹmi, rán wọn létí pé ìdánwò NECO náà wà, WAEC tí ènìyàn lè dá ṣe fúnra rẹ̀ náà sì wà, ṣùgbọ́n bí WAEC bá fi ẹ̀sùn ìjíwèéwò fagi lé èsì, gbogbo owó náà gbé nìyẹn.

Má bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ jà. Bí ibi kan kò bá yé wọn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ ìdáhùn sójú pátákó nínú gbọ̀ngàn, wo ìwé tìrẹ. Nígbà tí èsì bá jáde, kọ̀wé sí mi, ìbáà dára, ìbáà kù díẹ̀ káàtó.

Èmi ni ìyá rẹ nínú Olúwa.