Ìrìn Oníbàárà

Ìbéèrè: Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Mo máa ń fi ìrìn oníbàárà mọ̀ bóyá inú ń bí i, àmọ́ mo máa ń ṣì í. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Ojú yín ríran. Lọ́dún 1973, Gunnar Johansson, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ará Sweden, jẹ́ kí àwọn òǹwòran rí kìkì àmì iná bíi 10 sí 12 ní oríkèé ara ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn. Wọ́n mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èèyàn ni. Ìrìn a tún máa fi bí inú ṣe rí hàn: ìbínú a máa mú ẹsẹ̀ yá, apá á sì máa jù fìrìfìrì. Ìbànújẹ́ ní tiẹ̀ a máa wọ́ ẹsẹ̀. Àṣìṣe yín rèé: ẹni tó ń sá fún òjò náà ń yára, orúnkún ríro náà ń wọ́ ẹsẹ̀ (òkè Èkìtì kò kéré!). Bí oníbàárà yín ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Kẹ́ ẹ tún wo ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ: ṣé ó rọra tú u ni, àbí ó jù ú sílẹ̀?